Orúnkún tó ń dùn nínú ìdúró agẹṣin: ohun tó ń fà á àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Ìbéèrè: “Sífù, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹta rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ kung fu. Ojoojúmọ́ ni olùkọ́ wa máa ń ní ká wà ní ìdúró agẹṣin, ká ya ẹsẹ̀ ká sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gun ẹṣin, fún ìṣẹ́jú 5, kí itan tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ìka ẹsẹ̀ sì kọjú síwájú gbọnrangandan. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan ẹsẹ̀ mi ti ń gbọ̀n. Tó bá yá, orúnkún á máa dùn mí lápá inú, pàápàá ti òsì, ìrora ọ̀hún á sì bá mi délé. Wọ́n ní kí n fara dà á, pé bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá mò ń ṣe é dáadáa?”

Ìdáhùn: Ẹ má fara da ìrora orúnkún yẹn mọ́. Ti ẹsẹ̀ gbígbọ̀n, ìyẹn ò lẹ́bi. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ tó pè wọ́n ní “ìfaradà” ló ń kó akẹ́kọ̀ọ́ síyọnu.

Bí iṣan itan bá ń gbé ẹrù láìsinmi, kì í ṣe gbogbo fọ́nrán rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ni wọ́n ń gbà á fún ara wọn, bí àwọn tó ń ru ẹrù ọ̀nà jíjìn ṣe ń gba ẹrù lórí ara wọn. Tó bá ti ń rẹ̀ wọ́n, gbígbà-fúnra-wọn yẹn ò ní lọ déédéé mọ́, òun lẹ ń rí tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Kí itan máa ta bí ẹni fi ata sí i, kó wúwo, kó máa gbọ̀n, gbogbo ẹ̀ wà nínú iṣẹ́. Oríkèé ni kò gbọdọ̀ dùn. Tí orúnkún bá ń gún yín, tó wú, tàbí tí ẹ ń rántí ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan wà nínú bí ẹ ṣe dúró tí kò tọ́. Ìgboyà ò lè tún ìyẹn ṣe.

Níbi tí ẹ ní ó ti ń dùn yín gan-an, lápá inú, ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ síwájú yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo bí ara ṣe rí. Ìgbáròkó dà bí ọmọ odó nínú odó: orí eegun itan rí roboto, ó jókòó sínú ihò, ó lè yí síbi gbogbo. Orúnkún ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ló rí, ó ń ṣí, ó ń tì, yíyí tó lè yí ò tó nǹkan. Tí ẹ bá ya ẹsẹ̀ tí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀, itan gbọ́dọ̀ ṣí síta, kó sì yí síta, iṣẹ́ ìgbáròkó sì nìyẹn. Tí ìgbáròkó ò bá yí tó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, tó kọjú síwájú, òkè fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ìsàlẹ̀ fẹ́ lọ sósì, orúnkún tó wà láàárín ni wọ́n á máa fún bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù. Apá inú rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ké.

Bí ihò ìgbáròkó ṣe jìn tó, àti ibi tó kọjú sí, kò dọ́gba lára wa. Àwọn kan wà tí eegun wọn ò ní gbà kí ìka ẹsẹ̀ wọn kọjú síwájú tán nínú ìdúró tó lọ sílẹ̀ láéláé, bó ti wù kí wọ́n nara tó. Olùkọ́ yín ò parọ́ o. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìhà àríwá Ṣáínà, pàápàá nínú Changquan, ìka ẹsẹ̀ máa ń kọjú síwájú, itan á tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ òpin iṣẹ́ nìyẹn, ẹni tó sì jẹ́ oṣù kẹta kì í bẹ̀rẹ̀ látòpin. Ẹ jẹ́ kí ìka ẹsẹ̀ yín yà síta ní ìwọ̀n dígírì 15 sí 30 fún ìgbà yìí. Bí ìgbáròkó bá ṣe ń là, ẹ̀ẹ́ máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ tí kò gbà mọ́, ẹ fi í síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró. Ẹ bọ́ bàtà, tàbí kẹ́ ẹ wọ èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ tó sì fẹ́lẹ́. Bàtà eré sísá tó nípọn tó rọ̀ bíi fóòmù máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ mì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ yín fúnra yín wọ̀n ọ́n, gìgísẹ̀ kan ìka, lẹ́ẹ̀mejì àti ààbọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 26, ìyẹn á jẹ́ 65. Ohun tó yẹ kó wà láàárín ẹsẹ̀ yín méjèèjì nìyẹn báyìí. Ẹsẹ̀ 3 làwọn Changquan máa ń wọ̀n, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 78 fún ẹni kan náà, àmọ́ ìdúró tó ti balẹ̀ tán nìyẹn wà fún. Fífẹ̀ àti jíjìn máa ń bára wọn rìn ni. Tí ẹsẹ̀ bá sún mọ́ra jù tí ẹ sì fẹ́ kí itan tẹ́ pẹrẹsẹ, orúnkún á yọ síwájú jìnnà, ìdí á sì yọ sẹ́yìn. Tó bá fẹ̀ jù, ojúgun á dagun, orúnkún á ṣubú sínú, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀ lọ lórí táìsì. Tí ẹlòmíì bá dúró níwájú yín, kó rí ojúgun yín méjèèjì ṣánṣán bí òpó.

Àwọn ará gúúsù, bíi àwọn Hung Gar nílẹ̀ Guangdong, kì í fẹsẹ̀ fò lọ sínú ìdúró yìí. Wọ́n á pa ẹsẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi gìgísẹ̀ ṣe ìdí, wọ́n á yí ìka síta. Wọ́n á tún fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ìdí, wọ́n á yí gìgísẹ̀ síta. Ìka lẹ́ẹ̀kan sí i, gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba ni wọ́n á ti dúró. Ó dára, torí pé apá ọ̀tún àti apá òsì á fẹ̀ bákan náà láìjẹ́ pé èèyàn ń wolẹ̀.

Ní àtẹ́lẹsẹ̀, ibi mẹ́ta ló ń gbé ara: gìgísẹ̀, ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀, àti ìdí ìka tó kéré jù. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa tẹ ilẹ̀. Bí kòtò abẹ́ ẹsẹ̀ bá ti rì, ẹ mọ̀ pé orúnkún ti ń lọ sínú, kódà kẹ́ ẹ tó rí i nínú dígí.

Kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí. Ẹ gbé àpótí gidi sẹ́yìn yín, kó má kàn jẹ́ nínú èrò. Ìdí á kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn díẹ̀, orúnkún á ṣí síta, àyà á wà lókè. Ibi tí itan máa ń wà tí ẹ bá fìdí ti etí tábìlì, ìyẹn ààbọ̀ ọ̀nà láàárín ìdúró àti ìjókòó, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Kí ẹlòmíì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ òwú, kó di òwú mọ́ àárín orúnkún yín. Kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlà tó ti àárín gìgísẹ̀ lọ sí ìka ẹsẹ̀ kejì. Tó bá bọ́ sápá inú àtàǹpàkò, ohun tó ń dùn yín nìyẹn, ẹ ti rí i. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ti orúnkún síta o. Ìgbáròkó ni kẹ́ ẹ ti ṣí i, bí ẹni tó fi itan di ẹṣin tó sanra mú. Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá: “ma” ni ẹṣin, “bu” ni ìgbésẹ̀, mabu.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ lé e lóòró. Kó kan ìpàkọ́, kó kan àárín èjìká, kó kan eegun ìdí. Ní ìbàdí, àlàfo tí àtẹ́lẹwọ́ pẹlẹbẹ máa gbà kọjá ni kó wà níbẹ̀. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá gbà á kọjá, ìdí ti yọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn ló ń gbé ohun tó yẹ kí itan gbé. Tí ọwọ́ ò bá kọjá rárá, ẹ ti ká ìdí sábẹ́ jù. Àwọn olùkọ́ kan máa ń tẹnu mọ́ “ẹ ká ìdí sábẹ́” débi pé akẹ́kọ̀ọ́ á rí kọ́lọkọ̀lọ. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ò ju pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kó yọ lọ. Ẹ̀ṣẹ́ á wà ní ìbàdí, èjìká á wálẹ̀. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan itan. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé itan ti gba ẹrù kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Mímí wá jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé títí òòyì á fi kọ́ wọn. Ẹ máa fi imú mí, kí ikùn máa fẹ̀, kó máa wọlé. Ẹni tó bá sé èémí mọ́ra nígbà tí iṣan ń fún ń ti ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí aláboyún, fi gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó dáwọ́ lé ìdúró pípẹ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ dìde, ẹ má fò dìde. Ẹ gbé ara sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ rìn káàkiri fún bí ìlàjì ìṣẹ́jú.

Ní ti ìṣẹ́jú 5 yẹn, ó ní ìtàn o. Ìtàn àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní Ṣáínà kún fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní láti dúró títí ọ̀pá tùràrí kan á fi jó tán. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní pẹ̀lú itan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ìdúró rẹ̀ bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 40, ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 20 tó kù ló fi ń kọ́ ara rẹ̀ ní àṣìṣe. Ara kì í mọ̀ pé àṣìṣe ni, ohun tẹ́ ẹ bá ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ló máa dì mú. Nítorí náà, ìgbà tí ìdúró bá bàjẹ́ ni aago dúró, kódà tí itan bá ṣì lágbára.

Bí èmi ṣe máa pín in fún yín rèé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìgbà 5 ní àáyá 20, kẹ́ ẹ sinmi fún àáyá 40 láàárín wọn, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀, ní ibi etí tábìlì yẹn. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ìgbà 4 ní àáyá 35. Láti ìkarùn-ún dé ìkẹjọ, ìgbà 3 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà 2 ní ìṣẹ́jú 2. Ìgbà tí ìyẹn bá ti rọrùn ni kẹ́ ẹ tó fi ìbú ìka méjì sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì gé àkókò sí ìdajì, kẹ́ ẹ tún máa gùn ún padà. Ẹ má ṣe fi kún jíjìn àti àkókò lọ́sẹ̀ kan náà láéláé. Iṣan máa ń tètè lágbára. Àwọn okùn tó so iṣan mọ́ eegun kì í yá tó bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì máa ń dá yín lóró bí ẹ bá sáré.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀ ni pé agbára tí ìdúró kan ń fúnni sábà máa ń wà nítòsí ibi tí oríkèé wà nígbà ìdúró náà. Ẹni tó bá dúró ní ibì kan ṣoṣo fún ọdún kan á lágbára níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ́ rí i tó ń ta gẹ́gẹ́ bó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní tẹ́ńpìlì Shaolin, nílùú Dengfeng ní Henan, kòtò wà lórí ilẹ̀ bíríkì gbọ̀ngàn Ẹgbẹ̀rún Buddha. 48 ni wọ́n máa ń kà. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí i bí ẹ̀rí pé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi rì. Ohun tí wọ́n ń sọ ní tẹ́ńpìlì fúnra rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi lulẹ̀ nígbà ìdánrawò, ní ọ̀pọ̀ ìran, ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n ń rìn ni.

Torí náà, lẹ́yìn mabu, ẹ tètè kọ́ àwọn ìdúró mẹ́rin yòókù. Gongbu ló tẹ̀ lé e: ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀ bí ọrun, ti ẹ̀yìn nà bí ọfà, orúkọ rẹ̀ ní kíkún sì ni ìgbésẹ̀ ọrun òun ọfà. Bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ara tàbí ju bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló máa ń wà níwájú. Àṣìṣe tí mò ń tọ́ka sí jù ni títo ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìlà kan bí ẹni ń rìn lórí okùn. Ẹ jẹ́ kí ìbú ẹ̀ṣẹ́ kan sí méjì wà láàárín wọn. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnì kan rọra fi ọwọ́ tì yín ní èjìká láti ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá ṣubú, ẹ mọ ìdí. Gìgísẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ gbéra, ìka rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yí síwájú ní bíi dígírì 45, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbàdí ò ní lè kọjú síwájú, ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ bá jù ò sì ní ju agbára apá lọ.

Pubu ni ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ lóṣòó lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ na ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó lè lóṣòó kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má gbéra ti ní ààbọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Tí tiyín bá ń gbéra, ọrùn ẹsẹ̀ ló le. Ẹ ki pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 bọ abẹ́ gìgísẹ̀, ẹ di òpó mú, kẹ́ ẹ máa yọ pákó náà kúrò díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù bíi mélòó kan. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn yín yìí, ẹ fi pubu àti xiebu sílẹ̀ ná. Xiebu ni ẹsẹ̀ máa ń kọjá lórí ara wọn tí ìdí á sọ̀ kalẹ̀ sórí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn tó gbéra. Ìgbésẹ̀ ìsinmi ni wọ́n ń pè é, mi ò mọ ẹni tó ń sinmi níbẹ̀.

Xubu, ìgbésẹ̀ òfìfo, ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó wà nípò yín. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀, ó gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ara, ìka ẹsẹ̀ iwájú kàn rọra kan ilẹ̀ lásán. Ẹ ṣe é ní òkè díẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀; tí ara bá mì kẹ́ ẹ tó gbé e, kò ṣófo, irọ́ lẹ̀ ń pa. Ìdúró yìí ń jẹ́ kí ìgbáròkó ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ́ láti di orúnkún mú tààrà, ẹ̀ẹ́ sì tètè mọ èyí tó ya ọ̀lẹ. Lójú tèmi, ti òsì ni.

Bí ẹ bá ti mọ márààrún, Wubuquan, ẹ̀ṣẹ́ ìgbésẹ̀ márùn-ún, ló so wọ́n pọ̀. Gongbu ló máa bẹ̀rẹ̀, ìtàpá kan á tẹ̀ lé e, mabu, xiebu, pubu, xubu. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é láìyára, kẹ́ ẹ dúró fún èémí mẹ́ta ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, kí orí má lọ sókè sódò láàárín gongbu àti mabu bí ẹ ṣe ń yí láti ọ̀kan sí èkejì. Gìgísẹ̀ àti ìka ló ń yí, kí orúnkún tó tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá fi orúnkún yí ẹsẹ̀ tó dì mọ́lẹ̀ tún ti padà sídìí ohun tí a ń sá fún.

Ẹ tún mọ irú ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ wà. Nínú Wing Chun, ẹsẹ̀ ò fẹ̀, ìka kọjú sínú díẹ̀, itan ò sì tẹ́ pẹrẹsẹ rárá. Àwọn Xingyi ní santishi, ẹsẹ̀ kan síwájú, ara pọ̀ lẹ́yìn. Wang Xiangzhai, tó dá Yiquan sílẹ̀, fi zhanzhuang ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀: ìdúró bí òpó, ara ga, apá bí ẹni gbá igi mọ́ra, itan ò ta bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí mo kọ síbí, ti mabu ni. Ẹ má gbé e lọ bá ẹni tó ń kọ́ yín ní Wing Chun.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sinmi mabu fún ọjọ́ 5 sí 7, kẹ́ ẹ máa rìn, kẹ́ ẹ máa ṣe xubu ní òkè tí kò bá dùn yín. Ìgbà tí ẹ bá lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìrántí orúnkún, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àáyá 20 yẹn. Tó bá wú, tó bá há, tàbí tó ń yẹ̀ lábẹ́ yín, ẹ lọ rí dókítà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ sì sọ fún olùkọ́ yín ṣáájú kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìkíni, kì í ṣe lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́: “Sífù, orúnkún òsì mi ń dùn mí lápá inú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya ìka ẹsẹ̀ díẹ̀, kí n sì dúró sókè díẹ̀ fún oṣù méjì?”